Èsì Àyẹ̀wò Kan Kò Tó Dá Ẹjọ́ Ọkùnrin

Láti Ring Road dé Challenge, títí dé Bódìjà, àkọlé àwọn ilé àyẹ̀wò kún ojú títì Ìbàdàn. Ó dùn mọ́ mi pé ọkùnrin ti ń wọ ibẹ̀, nítorí obìnrin nìkan ni à ń pè ní àgàn láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Agbowó ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ níbi méjì láàárín oṣù kan. Ibi àkọ́kọ́ ní ìdá 2 nínú 100 ni ìrísí rẹ̀ péye. Ibi kejì ní ìdá 7. Kí èsì kejì tó dé, àwọn àna rẹ̀ ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń sọ pé kí ọmọ wọn máa bọ̀ nílé.

Ta ló purọ́? Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má purọ́. Wọn a fi àtọ̀ ra gíláàsì pẹlẹbẹ, wọn a jẹ́ kó gbẹ, wọn a fi aró sí i. Ẹnì kan a wá fi maikirosikóòpù yẹ orí, ọrùn àti ìrù sẹ́ẹ̀lì bíi 200 wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Aró ibì kan lè yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ohun tí ojú kan gbà, ojú kejì lè kọ̀ ọ́. Nínú 200, ìdá 4 kò ju sẹ́ẹ̀lì 8 lọ.

Òṣùwọ̀n pàápàá ń yí padà. Ní 1987, ìdá 50 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí déédéé. Ní 1992, ó di 30. Ní 2010, ó di 4, níbi tó ṣì wà nínú ìwé ti 2021. Ìlànà líle tí Thinus Kruger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Gúúsù Áfíríkà ní 1986 wà lára ohun tó fà á. Ara àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n sì ti fa ìdá 4 yọ: 5 nínú 100 wọn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ oyún dúró.

Nítorí náà, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe. Ẹ bèèrè iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kà àti ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé. Kí dókítà yẹ tọkọtaya wò pọ̀, kó sì wo iye àtọ̀ àti bó ṣe ń rìn mọ́ ìrísí rẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé tó fi ọdún púpọ̀ gbà láti dúró, kò yẹ kí sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tú u.