Ẹrù Ìrìn-Àjò

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nígbà tí mo ń di ẹrù ní Àgbọ̀wá, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, láti lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, kílò 23 péré ni wọ́n gbà fún mi nínú bàálù. Mo ká bùbá funfun méjì, ṣòkòtò dúdú kan àti ẹ̀wù òtútù: èyíkéyìí bá èkejì rẹ̀ mu, wọn kò sì wúwo. Agbádá ẹtù aláró tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo yọ sẹ́yìn.

Ìyá mi kò bínú, ó kàn bi mí pé, “Àkànní, bí wọ́n bá pè ọ́ síbi ọlá lọ́hùn-ún, aṣọ ta ni o ó wọ̀?”

N kò lè fèsì. Mo kó ìwé kúrò, mo fi ẹtù dípò. Ìwé ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ bàbá mi kò sí níbẹ̀.