Omi Ọlúmirin ní Ládìpọ̀

Ẹni tó bá mọ Ládìpọ̀ ní Muṣin yóò sọ fún yín pé ọjà páàtì mọ́tò ni, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń wá omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí i lọ́dún 1996, nínú yàrá tí à ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Oníbàárà kan tó jẹ wá lówó ẹ́ńjìnnì ló gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wá dí gbèsè. Bàbá ní kí n tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi rí ẹni rà á. Èmi kò tọ́jú rẹ̀ lásán o! Mo yá ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ń kọ́ èdè Assembly, èyí tí a fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ògbufọ̀. Bí NEPA bá ti mú iná wá lóru, èmi nìyẹn. Bàbá kùn títí, ó sì gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ rà á.

Mo ti ya omi Ọlúmirin ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìlú bàbá mi, sójú ẹ̀rọ náà, mo sì fẹ́ kó máa ṣàn. Àmì tíntìntín 320 ló wà ní ìbú, 200 lóòró: 64,000 lápapọ̀. Bí mo bá ní kó máa tún gbogbo wọn yà, á máa wọ́ bí ọkọ̀ tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti kú.

Ìwé náà ló là mí lójú. Nínú ẹ̀rọ àwòrán VGA, tí IBM gbé jáde lọ́dún 1987, àmì kọ̀ọ̀kan kò ní àwọ̀ kankan nínú. Nọ́ńbà ló ní, láti 0 dé 255. Àwọ̀ tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ wà nínú àkọsílẹ̀ lọ́tọ̀. Mo fún omi ní nọ́ńbà 200 sí 215, láti funfun dé búlúù. Mo wá ń ti àwọ̀ wọn síwájú: ti 200 bọ́ sí 201, ti 201 sí 202, ti 215 padà sí 200. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà 48 péré ni mò ń fi ránṣẹ́, omi sì ń ya bọ̀. Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí gbáà!

Bàbá jí lóru, ó bá mi nídìí rẹ̀. "Àbí Ọlúmirin kọ́ nìyí?" Ó bẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò. "Ta ló ń da omi sí i?"

Mo ní, "Bàbá, kò sí ohun tó kúrò níbi tó wà. Ẹ rántí pátákó yín."

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, nọ́ńbà là ń lẹ̀ mọ́ ọjà; ara pátákó ni iye owó wà. Bí dọ́là bá ti gbówó lórí, Bàbá á fi ẹfun tún pátákó kọ, gbogbo ọjà á sì yí owó padà láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ń wo omi títí NEPA fi mú iná lọ. Láàárọ̀, ó dá àsansílẹ̀ ọkùnrin náà padà.