Ilé Tí Ọba Kì Í Wọ̀: Bí Mo Ṣe Rí Ilé Aṣòfin Ìlú Ọba



Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé kan wà tí mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà sójú pátákó: ilé gogoro létí odò, tí aago ńlá wà lórí rẹ̀. "Ibí ni wọ́n ti ń ṣe òfin ní Ìlú Ọba," ni mo máa ń wí. Bí ọmọ kan bá bi mí pé kí ni ó wà nínú rẹ̀, màá ní kí ó jókòó, kí ó má da kíláàsì rú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà kò mọ̀.

Ní ọdún 2023, ọmọ mi tí ó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní kí n wá kí àwọn, kí n sì sinmi díẹ̀. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́: kí n fi ojú ara mi rí ilé tí mo ti ń yà láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, fún ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn aṣòfin kò jókòó.

A sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nítòsí afárá Westminster, a sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá odò Thames. Háà! Ilé náà nà gbọọrọ létí omi, ó rí bí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ère sára gbogbo òkúta rẹ̀. Yàrá inú rẹ̀ tó 1,100, àtẹ̀gùn rẹ̀ tó 100, bí ènìyàn bá sì fẹ́ rin gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tán, yóò rin máìlì 3. Ilé gogoro tí aago wà lórí rẹ̀ ga tó mítà 96. Ẹ jẹ́ kí n tún àṣìṣe kan ṣe níhìn-ín tí mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ: Big Ben kì í ṣe orúkọ ilé gogoro náà. Agogo ńlá tí ń dún nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 13 lọ. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti fi orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth pe ilé gogoro náà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ dárí jì mí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àbáwọlé, a rí ère ọkùnrin kan tí ó mú idà lọ́wọ́ kan, tí ó mú Bíbélì lọ́wọ́ kejì. Oliver Cromwell ni. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹ̀ wá wò bí ẹni tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì jẹ́ kí a kọjá.

NÍBI TÍ WỌ́N TI DÁ ỌBA LẸ́JỌ́

Gbọ̀ngàn Westminster ni a kọ́kọ́ wọ̀. Láti ọdún 1097 ni ó ti wà níbẹ̀. Ó gùn tó mítà 73, òpó kan kò sì sí láàárín rẹ̀. Igi ńláńlá tí wọ́n gbé sókè láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá ni ó ru òrùlé rẹ̀ títí di òní. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí.

Ní ilẹ̀, wọ́n fi pátákó idẹ kékeré kan sàmì sí ibi tí Ọba Charles Kìíní wà nígbà tí wọ́n ń dá a lẹ́jọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1649. Ọba yìí gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ni ó fi òun jọba, kò sì sí ẹ̀dá tí ó lè bi òun léèrè. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú láìbéèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, títí ogun fi dé láàárín òun àti wọn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà. Ní Ọ̀yọ́ wa àtijọ́, bí ìwà Aláàfin bá ti burú kọjá ààlà, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì a ṣí igbá fún un, a sì mọ ohun tí igbá náà ń wí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àbọ̀ rẹ̀. Cromwell tí ó ṣáájú ogun tí ó ṣẹ́gun ọba, òun náà kó sójà wọ Ilé Aṣòfin ní ọdún 1653, ó lé àwọn aṣòfin jáde, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ wọn kúrò bí ohun ìṣeré. Ní ọdún 1660 ni ọmọ ọba tí wọ́n pa padà wá jọba. Wọ́n hú òkú Cromwell nínú sàréè, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sórí gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ọmọ-ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá àgbà, ìwà wo nìyẹn?"

IGI GBÈSÈ JÓ ILÉ ÌJỌBA

Láti ibẹ̀ ni a ti gòkè lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní St Stephen. Níbí ni àwọn aṣojú ìlú ń jókòó sí fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Níbí ni wọ́n jókòó sí ní ọdún 1807 tí wọ́n fi òfin de òwò ẹrú. Mo dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. N ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ilé tí a ń wò lónìí kọ́ ni ó wà ní ọdún 1807. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, tí àwọn ìyá yín máa ń fi èédú fa ìlà sára ògiri kí wọ́n lè mọ iye tí oníbàárà jẹ wọ́n, tiyín rè é. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń mọ owó rẹ̀. Wọ́n á gé ojú igi ní ìlà-ìlà gẹ́gẹ́ bí iye owó, wọ́n á sì la igi náà sí méjì, kí ẹni méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn mú apá kọ̀ọ̀kan. Bí àríyànjiyàn bá dé, wọ́n á fi apá méjèèjì lé ara wọn. Bí ìlà kò bá bára mu, ẹnì kan ti ṣe èrú. Nígbà tí ìwé gba ipò igi, igi àtijọ́ wá pọ̀ nílẹ̀ bí òkìtì. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1834, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ sun ún nínú ààrò tí ó wà lábẹ́ Ilé Àwọn Ọlọ́lá. Iná náà ju agbára ààrò lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé aṣòfin ti jó tán, àyàfi gbọ̀ngàn àtijọ́ náà àti ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n rí gbà sílẹ̀.

Àwọn ayàwòrán ilé 97 ni wọ́n fi àwòrán wọn díje láti tún un kọ́. Charles Barry ni ó borí, Pugin sì ni ó ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀ṣọ́ inú ilé.

Wọ́n mú wa gba Ilé Àwọn Ọlọ́lá kọjá, níbi tí ìjókòó pupa wà, tí ìtẹ́ ọba sì ń kọ mànà. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó mú mi lọ́kàn ju wúrà lọ ni gbọ̀ngàn olójú mẹ́jọ tí ó wà láàárín gbùngbùn ilé náà. Bí àwọn aṣòfin bá ń jókòó, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹjọ́ lè wá síbẹ̀, kí ó ní òun fẹ́ rí aṣojú òun. Ìbáà ṣe alágbàfọ̀, ìbáà ṣe olówó.

ILẸ̀KÙN TÍ WỌ́N Ń PA DÉ MỌ́ ỌBA LÓJÚ

Níkẹyìn, a wọ Ilé Àwọn Aṣojú. Ó kéré! Ìjókòó aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ gba 427 ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn aṣòfin jẹ́ 650. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì wó o ní oṣù karùn-ún ọdún 1941. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un kọ́, Churchill ní kí wọ́n má ṣe fẹ̀ ẹ́, nítorí ó fẹ́ kí àwọn aṣòfin máa wo ojú ara wọn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1950 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà àti àwọn tí ó ti gba òmìnira fi ọrẹ ránṣẹ́: Ọsirélíà fún wọn ní àga Olórí Ilé, Kánádà fún wọn ní tábìlì ńlá àárín ilé, Jàmáíkà fún wọn ní ọ̀pá ìdènà ẹnu ọ̀nà. Ohun èlò inú ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dìbò, láti Nàìjíríà ni. Inú mi dùn. Àwa náà ní nǹkan níbẹ̀.

Orúnkún mi ti ń ro mí, mo sì fẹ́ fi ìdí kan ìjókòó. Obìnrin tí ó ń mú wa kiri sáré na ọwọ́. Ó ní kí n má bínú, kò sí ẹni tí ó lè jókòó síbẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ará ìlú dìbò rán wá.

Ó wá fi ìlà pupa méjì hàn wá lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan níwájú ẹgbẹ́ ìjọba, ọ̀kan níwájú ẹgbẹ́ alátakò. Wọ́n ní àlàfo àárín wọn ju gígùn idà méjì lọ, kí ẹni tí inú ń bí má lè gún ẹnìkejì. Aṣòfin tí ó bá ń sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọjá ìlà tirẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn hàn wá pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1642, Ọba Charles Kìíní kó àwọn ológun wá láti mú aṣòfin 5. Wọ́n ti sá lọ. Ó bi Olórí Ilé pé níbo ni wọ́n wà. Olórí Ilé kúnlẹ̀, ó ní òun kò ní ojú láti fi ríran, òun kò sì ní ahọ́n láti fi sọ̀rọ̀, àyàfi bí Ilé bá pàṣẹ fún òun. Láti ọjọ́ náà, ọba kankan kò wọ ibẹ̀ nígbà ìjókòó mọ́. Bí ọba bá fẹ́ ṣí ìgbìmọ̀, Ilé Àwọn Ọlọ́lá ni yóò dúró sí. Ìránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pá Dúdú ni yóò lọ pe àwọn aṣojú, wọn yóò sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú gbàgà! Ó di ìgbà tí ó bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo ti padà délé, mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 bí wọ́n ti ṣe é fún ìránṣẹ́ Ọba Charles Kẹta, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ọba tí wọ́n bẹ́ lórí.

ÌBÉÈRÈ ỌMỌDÉ

Ibi tí ọ̀pá àṣẹ máa ń wà lórí tábìlì ni obìnrin náà fi hàn wá kẹ́yìn. Bí ọ̀pá náà kò bá sí níbẹ̀, Ilé kò lè ṣe òfin. Ọmọ-ọmọ mi yí sí mi: "Bàbá àgbà, ṣé àwa náà ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà?"

Mo ní a ní in. Kí ni n bá tún wí? Mo rántí Ìbàdàn. Ọmọdé ni mí ní ọdún 1962, nígbà tí ìjà dé láàárín Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Akíntọ́lá nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, Ilé Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn jókòó láti fọwọ́ sí Olórí Ìjọba tuntun, Olóyè Adégbénró. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí aṣòfin kan fi fò sókè tí ó ń pariwo. Àga ń fò. Ẹlòmíràn gbé ọ̀pá àṣẹ, ó fẹ́ fi lu Olórí Ilé; tábìlì ni ó bà, ó sì kán. Ọlọ́pàá da tajútajú bo gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi alákòóso kan lé wa lórí títí ọdún náà fi parí. Ìbò ọdún 1965 bí Wẹ́tìẹ̀, ilé ń jó, ènìyàn ń jó. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, sójà gba ìjọba. Mo rántí pé àwọn àgbà ilé wa kò jẹ́ kí a jáde.

Ní ọdún 2018, inú bí aṣòfin kan ní ilé Westminster yìí, ó sì gbé ọ̀pá wọn. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó jáde títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Ó jáde. Ó tán.

N kò wí pé òyìnbó sàn jù wá. Ẹni tí ó hú òkú bẹ́ lórí kò lè kọ́ wa ní ìwà tútù. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo ìjà tí wọ́n jà ni wọ́n fi àmì sí nínú ilé náà: ìlà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pa dé, pátákó idẹ nílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i, wọn kò sì jẹ́ kí ẹni ńlá kankan fò ó dá.

LÉTÍ ODÒ

Nígbà tí a jáde, a wọ ọgbà kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé náà létí odò. Ẹ̀rọ omi aláràbarà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìrántí Buxton àti àwọn aṣòfin tí wọ́n jà fún òmìnira ẹrú. Ọdún 1865 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún 1957 ni wọ́n gbé e wá sínú ọgbà yìí. Nítorí òfin 1807 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe mú ọkọ̀ ẹrú kan ní ọdún 1822, tí wọ́n sì gba ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn sílẹ̀ nínú rẹ̀: Àjàyí, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù wọn ní ọdún 1834, ilé yìí fún àwọn olówó ẹrú ní 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ọmọ Èkó kan kò sí lórí ìjókòó aláwọ̀ ewé láti bi wọ́n léèrè. Títí di ọdún 1960 tí wọ́n ṣe òfin òmìnira wa níbẹ̀, àwọn tí a kò rán níṣẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ wa.

Mo rí bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀, mo jókòó. Ti gbogbo ayé ni, ẹnikẹ́ni kò dá mi lẹ́kun. Ọmọ náà jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ta ni ẹ̀yin rán lọ sí Ilé Aṣòfin yín?"

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ ọdún tí wọ́n bẹ́ ọba òyìnbó lórí, mo mọ iye yàrá tí ó wà nínú ilé wọn. Aṣòfin 32 ni ó ń jókòó fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi, mo sì dìbò. Ṣùgbọ́n n kò lè dárúkọ ẹni tí ó ń ṣojú àdúgbò mi. Ojú tì mí.

Nígbà tí mo padà dé, mo béèrè títí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ lẹ́tà sí i nípa ojú àgbàrá tí ó ń jẹ ọ̀nà ilé-ìwé wa. Kò tíì dáhùn. N ó tún kọ òmíràn, bí kò bá sì dáhùn èyí náà, n ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Agodi, n ó sì kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ rán?