Dókítà Nìkan Kọ́ Ló Ń Wo Aláìsàn Sàn

Nígbà tí àìsàn bá wọ ilé ẹni, ohun àkọ́kọ́ tí ń jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà." Èyí dára, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, tí a sì gbé aláìsàn padà sílé, ta ni yóò máa bá wa bójú tó o? Ìbéèrè yìí ni ó gbà mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí.

Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìyá mi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní 2022, nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 65, wọ́n jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dá wọn lóhùn, ẹnu wọn sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A sáré gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá kan. Kí n má parọ́, àwọn dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sa ipá wọn. Ìyá mi kò kú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a ní kí a máa gbé wọn lọ sílé. A kó oògùn fún wa, a ní kí Màmá má jẹ iyọ̀ púpọ̀ mọ́, a sì ní kí a máa gbé wọn wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn físíò, èyíinì àwọn onímọ̀ tí ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́tọ́jú jí iṣan tí ó ti rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu. Láti ilé wa dé ilé-ìwòsàn náà ju wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni ń gbé ìyá mi wọ takisí, ènìyàn mẹ́ta náà ni ń gbé wọn sọ̀. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan tó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni a lọ tí agara fi dá wa. Kò pẹ́ sí i, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn di owó mọ́wọ́ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i.

Ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan wà nítòsí ilé wa. Ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a ń pè ní CHEW. "Nọ́ọ̀sì" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́ ni ó kọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ń fún ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ń tọ́jú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n sì ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Àbúrò mi obìnrin, ẹni tí ń gbé pẹ̀lú ìyá wa, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọlé, èmi ni ó bá níbi tí mo ti ń fún ìyá mi ní omi mu, tí wọ́n sì ń húkọ́. Ó na ọwọ́, ó rọra gba ife náà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná. Ṣé báyìí ni Màmá ti máa ń húkọ́ bí wọ́n bá ń mu omi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà tí a ti dé ni.

"Omi yẹn lè máa gba ọ̀nà èémí, Àǹtí. Ó lè di àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn jókòó dáadáa, kí á sì bi àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ kí á tó fún wọn ní òmíràn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ojú tì mí. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ètò ilé ni mo fi ń ṣe iṣẹ́. Mo mọ oúnjẹ tí ń mú ọmọ dàgbà, mo sì mọ bí a ti í dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù tí adùn rẹ̀ kò fi ní lọ. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé omi lásán lè di ewu fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ọmọbìnrin yìí mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun náà jẹ́wọ́ pé a kò kọ́ òun ní ohun tí a ń ṣe sí ọwọ́ tí ń ká. Físíò tí ó mọ ti ọwọ́ wà ní ilé-ìwòsàn ńlá, kò sì mọ ojú ọ̀nà ilé wa. Ìmọ̀ tí ìyá mi nílò wà lọ́wọ́ àwa mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè.

Mo wá rántí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó ti di físíò. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì wá ní ọjọ́ Sátidé kan. Kò tọ́jú ìyá mi nìkan kí ó sì máa lọ. Ó pe àbúrò mi àti CHEW náà jókòó, ó sì kọ́ wọn. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fa apá tí ó rọ láti fi gbé aláìsàn dìde, nítorí pé èjìká lè yẹ̀. Kí wọ́n máa na àwọn ìka náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí Màmá bá dùbúlẹ̀, kí wọ́n máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà yọ sí wọn lára. Ó tún bá wa kàn sí ẹni tí ó mọ̀ nípa bí aláìsàn ti ń gbé oúnjẹ mì, ẹni náà sì yẹ ìyá mi wò, ó sì sọ bí oúnjẹ àti ohun mímu wọn yóò ti ki tó.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣe ògì tí ó ki, mo ń lọ ẹ̀wà kúnná, mo ń yọ gbogbo eegun inú ẹja. A mú máàgí kúrò nínú ọbẹ̀ Màmá, a sì fi ata, àlùbọ́sà àti irú tí a kò fi iyọ̀ sí wá adùn rẹ̀. CHEW ń wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, físíò ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tí oṣù mẹ́fà fi pé, ìyá mi ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò ní tàn yín: ọwọ́ ọ̀tún náà kò padà sí bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ó ṣí, wọ́n sì lè fi di ife mú.

Bí ìtàn yìí bá parí síbí, ǹ bá dúpẹ́, ǹ bá sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní òpópónà wa kan náà, ìyá mìíràn wà tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní ọdún yẹn. Ẹ̀kọ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tà. Òun kò ní ọ̀rẹ́ tí ó jẹ́ físíò. Títí di òní, ọwọ́ ìyá náà ká mọ́ àyà pinpin. Àwa náà kò sì rí ìrọ̀rùn náà gbádùn pẹ́. Ní 2023, ọ̀rẹ́ mi gba iṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Lẹ́yìn èyí ni a gbé CHEW wa lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ìyá mi, nítorí pé kò sí ibì kan tí a kọ ọ́ sí. Nígbà náà ni ó yé mi pé ètò tí a bá gbé ka orí ojúlùmọ̀, ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ bá lọ ni ètò náà ń wó.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní ìlú ìyá mi gan-an ni a ti fi ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ han gbogbo ayé. Ní 1956 ni dókítà àwọn ọmọdé kan, David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1961. Ó rí i pé dókítà kò lè pọ̀ tó láti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ tí àìsàn àti àìjẹunrekánú ń pa. Nítorí náà, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Wọn a gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọn a sàmì sí ìwúwo rẹ̀ lórí káàdì, ìyá ọmọ a sì mú káàdì náà lọ sílé. Màmá Àgbà máa ń sọ fún wa pé òun gbé ìyá mi pọ̀n lọ síbẹ̀, àti pé inú àpótí aṣọ ni òun ń tọ́jú káàdì náà sí.

Káàdì yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Agbára rẹ̀ ni pé dókítà lè kà á, nọ́ọ̀sì lè kà á, agbẹ̀bí lè kà á, ìyá tí kò mọ ìwé pàápàá sì lè fi ojú rẹ̀ rí i bóyá ilà náà ń gòkè tàbí ó ń sọ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá lọ, ẹni tí ó bá dé yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ parí sí. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ìyá: nígbà tí ìyá mi wà ní ọmọ ọwọ́, wọ́n ní káàdì. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 65, wọn kò ní.

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ ọ̀nà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó gbé ìlera alábọ́ọ́dé súnmọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2011, a fi ẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó gbogbo iṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé rẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan, lábẹ́ ìgbìmọ̀ kan, pẹ̀lú ètò kan ṣoṣo. Òfin Ìlera ti 2014 sì ní kí a ya ó kéré tán ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn nílò. Òrùlé ti wà. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n jọ jókòó lábẹ́ rẹ̀ ni ó kù.

Ìjọba ìbílẹ̀ 30 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ àwọn físíò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ wà ní Iléṣà, ọ̀nà tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì kò sì jìn. Ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ní Ọ̀ṣun àti ní ìpínlẹ̀ yòówù tí ẹ bá wà. Èkíní, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ilé-ìwòsàn àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jókòó pọ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n ka iye físíò, òṣìṣẹ́ lábù, apòògùn, onímọ̀ oúnjẹ àti CHEW tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì mọ ibi tí kò sí rárá. Èkejì, kí wọ́n gba àwọn ọmọ láti ìlú tí ó ṣaláìní, kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n sì dá wọn padà síbẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù tí kò ní lé wọn kúrò. Ẹ̀kẹta, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, títí kan àwọn tèmi tí ń kọ́ nípa oúnjẹ, jọ máa ṣe ìdánrawò ní ilé ìlera kan náà, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ ara wọn kí ìgbéraga tó wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Ẹ̀kẹrin, kí aláìsàn tí ó ń ti ilé-ìwòsàn ńlá bọ̀ máa mú ìwé kan dání tí CHEW àdúgbò rẹ̀ yóò lè kà, tí yóò sì lè kọ nǹkan sí.

Mo mọ̀ pé ìjà ta-ni-ọ̀gá ń bẹ láàárín àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìlera. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò bèèrè ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá rí. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, "Nọ́ọ̀sì dà? Ṣé yóò wá lónìí?"

Àwa obìnrin náà ní ipa tiwa. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wà tí ó yẹ kí ó máa bá ilé ìlera alábọ́ọ́dé ṣiṣẹ́, ẹ bèèrè ọjọ́ ìpàdé wọn, kí ẹ sì lọ. Bí a bá sì fẹ́ dá aláìsàn yín sílẹ̀ láti ilé-ìwòsàn, ẹ má ṣe jáde kí ẹ tó bèèrè ohun mẹ́ta: kí ni kí ó máa jẹ, báwo ni kí a máa gbé e, ta ni kí a pè nítòsí ilé?

Ní tèmi, mo ti ra ìwé ìkọ̀wé méjì. Mo kọ ìtàn àìsàn ìyá mi, oògùn wọn, oúnjẹ wọn àti ìdárayá wọn sínú ọ̀kan, mo sì fi lé CHEW tuntun lọ́wọ́. Ó ti ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìkejì ni mo mú lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí ń ta ẹ̀kọ, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ lè má ṣí mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa na ìka rẹ̀ ti wà. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ìpínlẹ̀ ṣe ni mo ń fi ìwé ìkọ̀wé ṣe yìí, n kò sì lè ra ti gbogbo òpópónà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Olúwa má jẹ́ kí a rí ìjà àìsàn, bí ó bá sì dé, kí a má ṣe dá nìkan gbé e.