Bí Ìyá Ọkọ Rẹ Bá Ń Fa Ẹsẹ̀

Arábìnrin mi, bí ìyá ọkọ rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu wọn, tí wọn kò sì lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àjẹ́ ni wọ́n. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ute níhìn-ín nípa àgbà obìnrin tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó sì dùn mí wọra.

Àwọn iṣan tín-ín-tín tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọpọlọ ni ó ń bàjẹ́. Ọjọ́ orí a máa fà á, ẹ̀jẹ̀ ríru a sì dá kún un. Ògiri iṣan a nípọn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a há, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé a sì kú díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora.

Gbogbo arúgbó kọ́ ni ó ń ṣe. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí àwọn àgbà Ìdíkàn. Ní 2001 wọ́n kéde pé nínú 1,000 ẹni tí ó ti pé 65, bí 13 tàbí 14 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bí 32 ni.

Mú màmá lọ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà, ilé ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá ti tó 140 lórí 90, ó ti ga. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe bíi ti ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni, bí ara tilẹ̀ yá. Dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, àti magí pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìwọ náà ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ti ru rí nínú oyún, bá màmá lọ.