Ìlú Martinez àti Ọtí Martini

Ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí á rin ìrìn àjò dé Martinez, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Oakland lọ sí ìhà àríwá, omi ni yóò máa bá yín lọ ní ọwọ́ òsì títí ẹ ó fi dé ìlú kékeré náà. Láti ọdún 1847 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò sọdá láti ibẹ̀ sí Benicia, kí afárá tó gba iṣẹ́ náà ní 1962. Nígbà tí wọ́n rí wúrà ní California ní 1848, ọ̀pọ̀ awawúrà ni ó gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn ará Martinez sọ pé ọ̀kan nínú wọn ni ó yà sí ilé ọtí Julio Richelieu, tí onílé ọtí sì po Martini àkọ́kọ́ fún un. Ní 1992, wọ́n gbé àmì ìrántí kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ará San Francisco kò gbà: wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni Jerry Thomas ti pò ó fún arìnrìn-àjò kan tí ó ń lọ sí Martinez. Ẹ̀yin abiyamọ ṣáà mọ̀ pé ọmọ tí ó dára ni ti bàbá. Ohun tí ó dájú ni pé orúkọ Martinez wà nínú ìwé ọtí pípò tí O. H. Byron tẹ̀ ní 1884, àti pé ọtí náà dùn nígbà náà ju ti òde òní lọ.

Jíìnì àti fámúùtù ni a fi ń ṣe é. Wáìnì tí a fi ewé àti egbò sí ni fámúùtù, bí àwọn ìyá wa ti ń rẹ egbò sínú ọtí fún àgbo. Ẹ kọ́kọ́ gbé ife sínú fíríìjì. Ẹ da jíìnì mílílítà 60 àti fámúùtù tí kò dùn mílílítà 10 sórí yìnyín nínú ife ńlá. Ẹ fi ṣíbí rò ó jẹ́jẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ó tutù, kí omi yìnyín sì là á díẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife tútù náà, kí ẹ fi èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí èso ólífì kan sí i.

Ife náà kò tóbi, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bí ẹ bá lóyún, ẹ má tọ́ ọ wò rárá: kò sí ìwọ̀n ọtí tí a mọ̀ pé kò lè pa ọmọ inú lára. Bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ọtí a máa wọ inú omi ọmú; àìmu ni ó dára jù. Àlejò tí yóò wa ọkọ̀ lọ sílé, ẹ fi ife kan náà bu omi ọsàn tútù fún un. Ìlú méjì ni ó ń du ọtí yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wàhálà tí ó bá bí sínú ilé, ìyàwó ilé nìkan ni wọn yóò pè ní ìyá rẹ̀.