Òrùka Kan Ṣoṣo

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, ojoojúmọ́ ni mo sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí wọ́n fi ọkàn sí iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi ṣe háà! Ọ̀dọ̀ àwọn olè ni mo ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Nínú sinimá ilẹ̀ Faransé kan ni, Du rififi chez les hommes, tí Jules Dassin ṣe ní 1955 láti inú ìwé ìtàn tí Auguste Le Breton kọ.

Ọkùnrin mẹ́rin ló fẹ́ ja ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ kan lólè ní Paris. Yàrá tí ó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọ́n lu ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n ti agboòrùn bọ inú ihò, wọ́n sì ṣí i nísàlẹ̀, kí èérún má baà já bọ́ kí ó dún. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀. Orin pàápàá kò sí. Èmi tí mo jókòó ń wò wọ́n, n kò lè húkọ́.

Ọlọ́pàá kọ́ ni ó mú wọn. César, ọ̀kan nínú wọn, ti yọ òrùka kan sápò fún obìnrin tí ó fẹ́ràn. Àwọn jàǹdùkú mìíràn rí òrùka náà, wọ́n mú César, ó sì tú àṣírí. Wọ́n pa Mario àti aya rẹ̀, wọ́n jí ọmọ Jo gbé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Dassin fúnra rẹ̀ ni ó ṣe César nínú eré náà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ní 1951, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí sinimá dárúkọ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ó wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Ẹni tí a dà ni ó wá ṣe ọ̀dàlẹ̀!

Níkẹyìn, Tony, olórí wọn, gba ọmọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ti bà á. Ó ń wa mọ́tò gbé ọmọ lọ sílé. Ọmọ ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré. Ẹni tí ń wa mọ́tò sì ń kú lọ.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dàrú. Sùúrù, ìfarabalẹ̀, ìmọ̀ iṣẹ́: gbogbo ohun tí mo ń kọ́ ọmọ ni àwọn olè wọ̀nyí ní. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́ wọn níṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí á máa bi wọ́n léèrè pẹ̀lú pé: ta ni iṣẹ́ náà yóò ṣe ní oore?